Obìnrin Tí Kò Ka Ọmọ Rẹ̀ ní Yeoville

Agogo mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni ọkọ mi ti ń fun fèrè mọ́tò lójúde, bí ẹni pé òun ló ń rìnrìn àjò. Òjò ń rọ̀ n'Ìbàdàn. Mo gbé àpò kan sẹ́yìn mọ́tò, mo di ìwé ìrìnnà mi mú, mo sì gbé ìbínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó sórí itan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àwọn tó pè mí sí Johannesburg ti kọ orúkọ mi, Mojísọ́lá, ní ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mi ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, wọ́n tún ní kí n fi ránṣẹ́. Ìgbà tó ku ọjọ́ méjì péré ni físà dé.

"Ṣáà máa lọ," ni ọkọ mi wí nígbà tí a bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó. "Tó o bá débẹ̀, bá wọn jà lójúkojú. Èmi ti gbọ́ tèmi yó."

Kí ẹni tí kò mọ̀ mí má baà rò pé ọjà ni mo lọ rà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo lọ ṣe. Mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìgbáyégbádùn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan n'Ìbàdàn. Kí n tó di olùkọ́, mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún wọ ilé onílé kiri pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lábẹ́ abíyá. Ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹgbẹ́ kan ní Johannesburg, àti yunifásítì kan nílẹ̀ òyìnbó ló pawọ́ pọ̀ láti máa kọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fa àwọn ará àdúgbò mọ́ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀kọ́ yìí, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Tèmi ni kí n sọ bí a ṣe ń bá ìdílé Yorùbá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá pè wọ́n sípàdé, wọn kì í wá. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn kì í dáhùn.

Wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ òfurufú fi gbé wa láti Èkó. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí mo ti yàn láti oṣù tó kọjá ti di ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ti sùn kí n tó dé ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n jí i. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Mo ṣe é, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń ṣe é.

Nígbà tí a jáde ní Johannesburg, òtútù gbá mi létí. Oṣù keje ni, òjò la fi sílẹ̀ nílé, àṣé ọ̀gbẹlẹ̀ pẹ̀lú òtútù ni oṣù keje tiwọn. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi jẹ́ ojú ewé mọ́kànlá. Ó sọ irú bàtà tó yẹ kí n wọ̀. Ó sọ ibi tí mo ti lè rí kọfí mu. Kò sí ibì kankan tó ti sọ pé òtútù ń bẹ, àdìrẹ ni mo sì wọ̀.

Obìnrin kan tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún dúró níbi tí wọ́n ti ń pàdé èrò, ó gbé páálí kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí ní ọ̀nà karùn-ún. Nomvula ni orúkọ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ àwùjọ ni, òun ló sì máa ṣe ìtọ́jú mi. Ó ní, "Sawubona, Mama," ó sì bọ́ ẹ̀wù òtútù ọrùn rẹ̀, ó fi wọ̀ mí kó tó gba àpò mi.

Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ ìkíni náà. Ó ní èdè Súlú ni, "A rí yín" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rò ó wò. Nílé wa, ohun tí ènìyàn ń ṣe la fi ń kí i: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn wọ̀nyí, rírí tí wọ́n rí ọ ti tó fún ìkíni. Ó dùn mọ́ mi.

"Tí ẹ bá rí mi lóòótọ́," ni mo wí, "kí ló dé tí ẹ fi ń kọ Ọ̀gbẹ́ni?"

Ó fọwọ́ bojú. "Eish, Mama!" Ọ̀rọ̀ yẹn, eish, gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́. Ó dúró fún yéè, fún ó mà ṣe o, àti fún ẹ forí jì mí, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà wọn gbòòrò, ó dán, kò sí kòtò kan tí mo lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn títí a fi wọ ìgboro. Koríko ẹ̀gbẹ́ títì ti gbẹ, ó pupa rúsúrúsú. Mo rí àwọn òkè kan tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì. Nomvula ní iyanrìn tí wọ́n kó jáde nígbà tí wọ́n ń wa góòlù ni. Iná títì tó ń pa àwọ̀ dà, róbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń dúró fún un bí kò tilẹ̀ sí ọlọ́pàá nítòsí. Ògiri ilé wọn ga, wọ́n ta wáyà oníná sórí rẹ̀. Nílé, ẹni tó bá ń kọjá yóò kí ọ láti ojúde. Níbí, mi ò mọ ibi tí ènìyàn ìbá gbà kí onílé.

Ilé àlejò kan ní Troyeville ni wọ́n fi mí sí. Kò sí omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó ti di ọjọ́ kẹta ní àdúgbò yẹn. Obìnrin onílé gbé omi gbígbóná wá nínú korobá, ó ń bẹ̀bẹ̀ títí. Mo ní kó má ṣèyọnu, omi inú korobá ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé ìkejì wá. Lówùúrọ̀, mo ra magwinya mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, rand mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pọ́fùpọ́fù wa náà ni, àfi pé wọn kì í fi ṣúgà sí i púpọ̀, ó sì tóbi tó ìkúùkù. Lọ́sàn-án, wọ́n fún wa ní papu àti mogodu. Papu dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n rò le koko. Mogodu, ṣàkì ni, ṣàkì tó jinná tó ń yọ́ lẹ́nu. Nípa oúnjẹ, mi ò ní ẹ̀sùn kankan, mo sì wá ọ̀kan títí.

Ọjọ́ Ajé lọ wẹ́rẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nǹkan ṣẹlẹ̀.

Fọ́ọ̀mù kan ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, ojú ewé mẹ́rìnlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan ló kọ ọ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú iṣẹ́ rẹ̀, kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kan Nomvula. Ó ní òun wọ ilé obìnrin kan láti Nàìjíríà, torí pé ilé ìwé ló fẹjọ́ sùn pé ìwé ìbí ọmọbìnrin kan níbẹ̀ kò bá orúkọ ẹni tó ń tọ́ ọ mu. Òun bi obìnrin náà pé ọmọ mélòó ló ń gbé inú ilé yìí.

"Ó ní Ọlọ́run nìkan ló mọ iye wọn," ni Nomvula wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

"Kò tíì dákẹ́ tí ọmọ kan fi jáde láti ilé ìdáná, òmíràn tún jáde láti yàrá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń fi àwọn ọmọ pamọ́. A gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ilé ààbò, ọmọ ọdún méje ni. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni kóòtù àwọn ọmọdé yóò wo ìwé tí mo kọ."

Mo dìde. Mi ò ní parọ́, ohùn mi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní òótọ́ ni obìnrin náà sọ, irọ́ ni ìwé yín ń pa! Mo ní láti Ṣakí dé Ìkálẹ̀, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá bi ìyá ní iye ọmọ rẹ̀, ó lè rò pé ibi lò ń wá. Ìyá tó bá kà wọ́n kalẹ̀ fún àlejò tí kò mọ̀ rí ni kí ẹ fura sí! Mo ní ẹ fi ìbéèrè burúkú gbé ọmọ kúrò lẹ́yìn ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ tún gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síbí kí ẹ fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé àlejò ni mí, mo bá jókòó.

Nígbà tí wọ́n lọ mu tíì, Nomvula wá bá mi. Ojú rẹ̀ ti wọlé. "Mama, mi ò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, òfin ni. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ sọ bá jẹ́ òótọ́, mo ti ṣe nǹkan burúkú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? A pe àwọn ènìyàn yín sípàdé ọjọ́bọ̀, kò sí ẹni tó fèsì."

"Kí lẹ fi pè wọ́n?"

"Ìwé. A tẹ ìwé tó dára."

Lọ́jọ́rú, mo ní kó mú mi lọ sí Yeoville. Ó lọ wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo ní rárá o, mọ́tò tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára, tó ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ, kò gbọdọ̀ gbé mi dé ojúde Yorùbá kankan. Takisí ni a wọ̀. Takisí tiwọn kì í ṣe mọ́tò kékeré bí tiwa, bọ́ọ̀sì ni, tó ń kó èrò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ó na ìka ìfábẹ̀lá sókè bí ẹ bá ń lọ sí àárín ìgboro. Ibòmíràn ní bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ tirẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ ó sọ fún dírẹ́bà pé lẹ́yìn róbọ́ọ̀tì ni. Mo sọ ọ́ tipátipá bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Dírẹ́bà náà wo ẹ̀yìn, ó wo àdìrẹ mi, ó ní, "Shap, Mama Naija!" Shap ni wọ́n ń wí fún ó dáa. Nomvula rẹ́rìn-ín títí a fi sọ̀kalẹ̀.

Nomvula jókòó sí ilé kọfí kan, èmi nìkan bọ́ sí ọ̀nà Rockey. Kí a sọ òótọ́, inú mi dùn. Mo rí iṣu, mo rí gàrí, ògbọ́nọ̀, ẹja gbígbẹ, ata rodo nínú ike kéékèèké. Iṣu kan tó gùn tó apá mi, àádọ́jọ rand. Mo ní olè ni yín. Ẹni tó ń tà á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣu yìí náà wọ ọkọ̀ òfurufú bíi tiyín."

Lẹ́yìn ilé ìtajà yẹn ni mo ti bá Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá àdúgbò náà, oníṣirò owó kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó bi mí léèrè ilé, ó bi mí léèrè ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gbé ohun mímu wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó dárúkọ ìpàdé.

"A ò wá," ló wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé?"

"Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí wa, tí wọ́n ya ọmọ tó ń sunkún sí. Ta ni yóò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí yóò ní èmi ni wọ́n ń pè? Paper no dey greet person. Ẹnu ni a fi ń pe ènìyàn. Àbí ẹ ò rí ẹni tó jókòó sẹ́yìn yín yẹn?"

Mo yíjú. Obìnrin kan ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí, kò gbójú sókè. Ìyá Ṣọlá ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ni obìnrin inú ìtàn Nomvula. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè tí mo fi rí i.

"Mi ò parọ́ fún un," ni Ìyá Ṣọlá wí, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò nínú ẹ̀wà. "Mo fi omi lọ̀ ọ́, kò mu. Ó yọ bírò. Ó ní ọmọ mélòó. Kí ni kí n wí? Kí n máa nàka sí wọn bí ẹni tó ń ka ewúrẹ́? Mo ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Àbí Ọlọ́run ò mọ̀ ọ́n ni? Mo kó ìwé tí Ìbùkún, ọmọ tó gbé lọ, fi wọ̀lú fún un. Ó ní kóòtù ni yóò wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló bí i, ẹ̀gbọ́n mi kú, ọwọ́ mi ló kú sí. Ta ló kù tí yóò tọ́ ọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹgbẹ́ tó pè mí wá. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ọmọ, ó ṣe é kà. Bàbá Alága jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ìwọ náà ńkọ́?" ló wí. "O ní o ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́ nílé. Báwo lo ṣe ń bi àwọn ìyá tìrẹ?"

Ojú ewé kejì fọ́ọ̀mù tiwa n'Ìbàdàn: iye ọmọ inú ilé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi bèèrè rẹ̀. Mo rántí ìyá kan ní Bẹẹrẹ tó dá mi lóhùn pé, "Wọ́n wà níbẹ̀, ọpẹ́ ni." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó dán pé kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa. Èmi, tí ìyá mi lọ sí sàréè láì sọ iye ọmọ tó bí fún ẹnikẹ́ni! Wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì, mo gbàgbé ohun tí mo mọ̀ kí n tó wọ yunifásítì. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí mo gbé dé Johannesburg, èyí ló wúwo jù, èmi ni olùjẹ́jọ́ rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyá Ṣọlá kọ́kọ́ wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ mà kú iṣẹ́ o."

Bàbá Alága ní bí òṣìṣẹ́ tó gbé ọmọ lọ yẹn bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí àwọn lónìí, àwọn ó wá lọ́la. Mo pe Nomvula lórí fóònù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi wọlé, bó sì ṣe wọlé báyìí, ó lọ tààrà síbi àga tó kéré jù, ó jókòó, ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó jókòó. Ojú Bàbá Alága yí padà.

"Ẹ ò rí nǹkan? Kò kúnlẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀, àga ló mọ̀!"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Nomvula. Ìdí àga rẹ̀ ló ti dáhùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Nílé wa, bí ọmọdé bá dúró lórí àgbà, ìwọ̀sí ni. A gbọ́dọ̀ tètè jókòó, kí orí wa lè rẹlẹ̀ sí tiyín."

Bàbá Alága wò ó, ó wo àga. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. "Ó mà bọ̀wọ̀ fún mi láti ìgbà tó ti wọlé, mi ò mọ̀! Ẹ fún ọmọ yìí lómi." Nomvula gba omi náà lọ́wọ́ Ìyá Ṣọlá, ó mu ún tán, kò gbé ife sílẹ̀ títí tó fi tọrọ àforíjì. Ìyá Ṣọlá tún bu omi fún un.

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ìjọ Aládùúrà kan ní Yeoville kún. Mi ò ní sọ iye wọn. Wọ́n gbé kúlà oúnjẹ wá, wọ́n gbé ọmọ wá, dókítà méjì àti olùkọ́ yunifásítì kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwo ìrẹsì lórí itan. Ìyá Ṣọlá fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ kí wọ́n bi òun lójú gbogbo ènìyàn.

Nomvula ṣí fọ́ọ̀mù náà. Ó wo ojú ewé kejì. Ó pa á dé.

"Mama, bí ilẹ̀ bá mọ́, orúkọ wo lẹ fi ń jí wọn?"

Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ìyá ìyá òun kì í pe òun ní Nomvula lásán. Khabazela ló máa ń pè é, pẹ̀lú orúkọ àwọn baba ńlá tó tẹ̀ lé e. Àwọn náà ní oríkì ìdílé, izithakazelo ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun rò pé ẹni tí kò bá lè ka ọmọ rẹ̀ yóò lè kì í.

Ìyá Ṣọlá dìde. "Ṣọlá, Àmọ̀kẹ́. Àkọ́bí mi ni, òun ló ń dì mí nírun. Káyọ̀dé, Àjàní olóríkunkun, tó fi bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì onígíláàsì." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. "Bọ́lá, Àjọkẹ́. Àbúrò ọkọ mi ló bí i, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Durban, oṣooṣù ló ń wá wò ó. Àyà máa ń há a bí òtútù bá mú, oògùn rẹ̀ wà lókè fìríìjì." Ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ń dá a lóhùn, "Ọlọ́run á wò wọ́n o." Bírò Nomvula kò dúró. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi mọ ta ló bí ta, ta ló ń ṣàìsàn, ta ló ń sùn níbo, ta ló ń lọ ilé ìwé wo: ojú ewé mẹ́fà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Ó wá dé orí ẹni tí kò sí nílé.

"Ìbùkún, Àbẹ̀kẹ́ mi. Kì í sùn bí mi ò bá fọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ta ló ń fọwọ́ lé e lẹ́yìn níbi tí ẹ gbé e lọ?"

"Mi ò mọ̀, Mama," ni Nomvula wí. "Ìwé tuntun ni mo máa kọ lónìí. Èmi ni mo máa kà á fún adájọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní ó ye òun, àmọ́ àpótí kan wà ní ojú ewé kejì tó ń fẹ́ nọ́ńbà. Mo ti ń dìde láti bá a jà. Bàbá Alága ló ṣáájú mi: "Òṣìṣẹ́ yín lè ka orúkọ lórí ìwé tó bá padà dé ọ́fíìsì. Ìwé kì í gbọ́ kó bínú." Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ bírò, ó fa igi sí ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó sì bi Bàbá Alága bóyá ó lè rí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò máa bá òṣìṣẹ́ rìn nígbà àbẹ̀wò àkọ́kọ́. Àwọn tó na ọwọ́ pọ̀ débi pé wọ́n ní kí àwọn kan sinmi ná, wọn ó máa pín iṣẹ́ náà ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Bàbá Alága dúró níta kóòtù nínú oòrùn tí kò lè mú ènìyàn gbóná. Wákàtí kan kọjá. Mi ò fẹ́ kọ bí ọkàn mi ṣe rí. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, mo kọ́kọ́ rí Nomvula, ó ń rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìyá Ṣọlá, ó gbé ọmọ ọdún méje pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Mo ní, "Ìbùkún, ṣé dáadáa lo wà?"

"No, Auntie," ló wí láti ẹ̀yìn níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Papu ni wọ́n ń fún àwọn láràárọ̀. Wọ́n pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ òun. Wọ́n ń pe òun ní Buki, Buki kì í ṣe orúkọ òun. Wọ́n ní kí òun sùn ní agogo méje, òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti rí ẹni tí yóò jogún iṣẹ́ mi. Bàbá Alága wò mí, ó wò ó, ó ní, "Àbí ẹ̀yin méjèèjì tan ni?"

Ọjọ́ Àìkú ni mo wọ ọkọ̀ padà. Wọ́n gba ìjókòó fèrèsé lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì, mo sì ti kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ kí a tó dé òkè òfurufú. Ọkọ mi wá gbé mi ní Èkó. Ó ní, "Ṣé o bá wọn jà?" Mo ní mo jà, wọ́n sì jà mí padà.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ènìyàn lè mọ àṣà rẹ̀ tinútòde kó sì tún fi fọ́ọ̀mù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún un. Àwọn ará Johannesburg jẹ́ kí wọ́n sọ fún wọn ní ọjọ́ márùn-ún. Èmi lo ọdún mẹ́rìndínlógún.

Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí ilé kan ní Ọ̀jẹ́. A kí ìyá ilé, a mu omi rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lórí páànù débi pé a ní láti sún mọ́ ara wa kí a tó gbọ́ra. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa ìwé dé, mo wá bi í pé orúkọ wo ló fi ń jí àwọn ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó kì wọ́n, ó ń kì wọ́n, ó sọ ẹni tó mọ ìwé àti ẹni tó mọ oúnjẹ jẹ. Nígbà tí a rò pé ó ti parí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àti Àṣàkẹ́. Ó wà ní ìyẹ̀wù. Kò tíì dìde láti ijẹta."

Mo dìde, mo wọ ìyẹ̀wù lọ. Ara ọmọ náà ń jó bí iná. Ìyá rẹ̀ ti ń bẹ̀rù láti gbé e jáde nínú òjò, kò sì mọ ẹni tó lè bá sọ ọ́. A fi mọ́tò ilé ẹ̀kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí òjò tó dá. Àná, mo tún yà kí wọn. Àṣàkẹ́ ló ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó di àkàrà mú lọ́wọ́ kan, ó ní ìyá òun ò sí nílé, ṣùgbọ́n kí n wọlé, kí n jókòó, kí n mu omi.